Ta ló di asẹ́ mú? Àlàyé lórí ìwé tí wọ́n ń yọ kúrò ní ilé-ìkàwé iléèwé

Bọ̀dá Ṣẹ́gun fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sórí WhatsApp ẹbí wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan. "Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, wọ́n ní ẹ ti fòfin de dikíṣọ́nárì níbẹ̀. Dikíṣọ́nárì kẹ̀! Kí lẹ ó wá máa fi kọ́ àwọn ọmọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Torí pé mo máa ń lọ ṣèrànwọ́ ní ilé-ìkàwé iléèwé àwọn ọmọ mi ní Texas ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni gbogbo ẹbí kọjú sí pé kí n wá ṣàlàyé.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú Bọ̀dá ò dùn sí i rárá. Wọ́n ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà tí wọn ò tíì sanwó fún. Ṣùgbọ́n bọ́rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ní 2023, ìpínlẹ̀ Florida ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní HB 1069. Òfin náà ní bí òbí tàbí ará àgbègbè bá kọ̀wé pé ìwé kan ní ilé-ìkàwé iléèwé ṣàpèjúwe ìbálòpọ̀, kí wọ́n gbé e kúrò níwájú àwọn ọmọ láàárín ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, kó má sì padà síbẹ̀ títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò tán. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ àgbègbè Escambia, ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ò dúró dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé. Ìbẹ̀rù òfin ti mú wọn. Wọ́n fúnra wọn kó ìwé tó lé ní 1,600 sẹ́yìn fún àyẹ̀wò. Nígbà tí orúkọ àwọn ìwé náà hàn síta ní January 2024, dikíṣọ́nárì wà níbẹ̀, ẹnsaikilopídíà náà wà níbẹ̀. Kí ni dikíṣọ́nárì ṣe? Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde nìyẹn.

Àwọn aláṣẹ náà ní àwọn ò fòfin de nǹkan kan, àyẹ̀wò làwọn ń ṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ tó lọ wá ìwé náà lọ́sẹ̀ yẹn tí kò bá a níbẹ̀, òótọ́ lòun náà sọ bó bá délé tó ní wọ́n ti gbé e lọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ra. Nínú ìròyìn, "fòfin dè" ni wọ́n ń pe nǹkan bíi mẹ́rin tí kò jọra. Wọ́n lè yọ ìwé kúrò pátápátá, kó má padà mọ́. Wọ́n lè gbé e sẹ́yìn fún àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gba ọdún kan. Wọ́n lè kó o sábẹ́ tábìlì olùtọ́jú ilé-ìkàwé, kí ọmọ tó bá fẹ́ ẹ mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí wá. Wọ́n sì lè gbé e láti iléèwé àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ sí ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí ilé ìtàwé má tà á mọ́. Ẹni tó rántí bí ìjọba Babangida ṣe ti ìwé ìròyìn Newswatch pa ní 1987, ohun mìíràn ló máa wá sí i lọ́kàn bó bá gbọ́ "fòfin dè". Kì í ṣe irú ìyẹn là ń sọ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bẹ́ ẹ bá rí iye tí wọ́n ń kà. PEN America, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n yọ ìwé ní iléèwé, kà á dé 10,046 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, ó sì wálẹ̀ sí 6,870 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ìwé ẹgbàárùn-ún ti pòórá. Bí àgbègbè mẹ́ta bá yọ ìwé kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á. Èyí tó ṣì wà nínú àyẹ̀wò àti èyí tó ń dúró de lẹ́tà òbí, gbogbo rẹ̀ wọ inú ìṣirò. Florida àti Iowa nìkan ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ti ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa o. Wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á síta gbangba. Àwa tá a ń fi iye náà ránṣẹ́ síra wa ni kì í ka àlàyé.

Ní tèmi, ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi ara wọn, pé ṣé ó yẹ ká yọ ìwé àbí kò yẹ, kọ́ ni ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìyá ẹlẹ́kọ rí nígbà tó ń sẹ́ ògì á mọ ohun tí mò ń sọ. Asẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Àgbàdo tí wọ́n lọ̀ máa kọjá lórí rẹ̀, ògì á bọ́ sísàlẹ̀, èèrí á kù sókè. Ìbéèrè ni pé ta ló di asẹ́ mú, kí ló sì ń pè ní èèrí?

Kí ìjà kankan tó dé ni asẹ́ ti wà ní ilé-ìkàwé. Owó tí iléèwé ní ò tó láti ra gbogbo ìwé, àyè ò sì sí. Nítorí náà olùtọ́jú ilé-ìkàwé á ka ohun tí àwọn ìwé àtìgbàdégbà bíi School Library Journal sọ nípa ìwé tuntun, ọjọ́ orí tí wọ́n ní ó yẹ fún náà á sì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe sí ìwé ìtàn àwọn àgbàlagbà ní iléèwé àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó fòfin dè é, kò sẹ́ni tó rà á ni. Pípín ìwé nípa ọjọ́ orí tí àwọn kan ń pariwo pé kó bẹ̀rẹ̀, tí àwọn kan ń pariwo pé kó má bẹ̀rẹ̀, ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ohun tó máa ń dàrú mọ́ àwọn òbí lójú ni àwọn àmì tó wà lẹ́yìn ìwé. Lọ́dọ̀ wa, ètò Accelerated Reader la fi ń lẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà kan á wà níbẹ̀, lẹ́tà kan á sì wà. Nọ́ńbà ń sọ bí èdè ìwé náà ṣe le tó. Lẹ́tà ló ń sọ irú ọmọ tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yẹ fún: LG fún àwọn kékeré títí dé kíláàsì kẹta, MG láti ìkẹrin sí ìkẹjọ, UG fún ìkẹsàn-án sókè. Ọ̀tọ̀ lèkínní, ọ̀tọ̀ lèkejì. Òǹkọ̀wé ńlá lè fi gbólóhùn kúkúrú àti ọ̀rọ̀ tí kò le kọ ìtàn ogun tàbí ìtàn àgbèrè, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì kéré ju ti ìwé àwàdà ọmọdé lọ. Òbí tó bá ń fi nọ́ńbà yan ìwé pé "ọmọ mi ti kọjá ibí yìí" lè gbé ohun tí kò rò lé ọmọ lọ́wọ́. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan gbé ìwé wá sọ́dọ̀ mi. Mo fi ẹ̀rọ wo àmì ìlà rẹ̀, kọ̀ǹpútà ké pípìì, pupa yọ lójú rẹ̀: MG+, ìyẹn kíláàsì kẹfà sókè. Mo ní, "Àǹtí kékeré, èyí ò tíì kàn ẹ́." Ó wo ojú mi bíi pé àánú mi ń ṣe é. "Mo ti kà á tán nílé," ó ní, "mo fẹ́ tún un kà ni." Kí ni kí n sọ? Mo pe olùtọ́jú ilé-ìkàwé. Ó bi ọmọ náà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níparí ìwé náà, ọmọ náà rò ó fún un láìta, ó sì jẹ́ kó gbé e lọ. Kọ̀ǹpútà ò lè bi ọmọ ní irú ìbéèrè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí, torí tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí á yé yín.

Ní September 1975, àwọn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí iléèwé Island Trees, ní Long Island, New York, lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òbí kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ náà pè ní ohun àbùkù sí. Ní November, lálẹ́ ọjọ́ kan tí iléèwé ń ṣe ayẹyẹ, méjì nínú wọn wọ ilé-ìkàwé iléèwé girama àgbà lọ, wọ́n ń fi orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn wé káàdì inú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ọ̀kan tó wà ní iléèwé àwọn ọmọ tó kéré sí wọn àti ọ̀kan tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì kún un, ó di mọ́kànlá. Ó kéré tán, mẹ́rin nínú mọ́kànlá náà jẹ́ iṣẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, títí kan àkójọ ìtàn kúkúrú tí Langston Hughes ṣe.

Ní February 1976, ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kó àwọn ìwé náà wá sí ọ́fíìsì kí àwọn lè kà wọ́n. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa: kí àwọn lè kà wọ́n. Wọ́n ti kó wọn nílẹ̀ kí wọ́n tó máa kà wọ́n. Ọ̀gá àgbà àwọn iléèwé náà kìlọ̀ fún wọn pé ìlànà wà fún irú nǹkan báyìí, pé àwọn tó mọ̀ nípa ìwé ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò gbọ́. Nígbà tí ìròyìn gbé e, wọ́n kọ̀wé jáde pé àwọn ìwé náà ń tako Amẹ́ríkà, ń tako ẹ̀sìn Kristẹni, ń tako àwọn Júù, pé ẹ̀gbin pátápátá ni wọ́n.

Wọ́n wá yan òbí mẹ́rin àti òṣìṣẹ́ iléèwé mẹ́rin pé kí wọ́n ka àwọn ìwé náà. Àwọn yẹn kà wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n dá márùn-ún padà, kí wọ́n yọ méjì, kí ọ̀kan wà fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá yọ̀ǹda, ohùn wọn ò ṣọ̀kan lórí ìyókù. Ìgbìmọ̀ da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nù. Ìwé kan péré ni wọ́n dá padà láìsí ìdènà. Wọ́n fi ìyọ̀ǹda òbí há ìwé Richard Wright nípa ìgbà èwe rẹ̀ mọ́. Mẹ́sàn-án yòókù lọ, wọn ò sì sọ ìdí tí wọ́n fi kọ àbá àwọn tí wọ́n fúnra wọn yàn. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọ́n tún dá a bó ṣe wù wọ́n.

Steven Pico, ọmọ ọdún 17, àti àwọn ọmọ iléèwé mẹ́rin mìíràn pe ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́ ní 1977. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ìdájọ́ sì jáde ní June 1982: adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, àwọn ọmọ ló jàre. Adájọ́ Brennan kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ iléèwé ò láṣẹ láti yọ ìwé kúrò lórí pẹpẹ kìkì nítorí pé wọn ò fẹ́ràn èrò tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní wọ́n lè yọ èyí tí ọ̀rọ̀ rírùn bá kún inú rẹ̀ bámúbámú, tàbí èyí tí kò bá wúlò fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ.

Ibi tó ti wọ́ nìyí. Brennan ò rí adájọ́ mẹ́rin tó máa gba èrò rẹ̀ tán. Adájọ́ White, ẹni karùn-ún, fẹ́ kí ẹjọ́ padà sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n wádìí ohun tó wà lọ́kàn ìgbìmọ̀ ni, kò fọwọ́ sí àlàyé yòókù. Nítorí náà, àwọn ọmọ borí, ṣùgbọ́n òfin tó dúró gbọn-in ò jáde níbẹ̀. Burger, adájọ́ àgbà tó wà lápá kejì, sì ní ilé-ẹjọ́ ń fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí ìwé tí iléèwé gbọ́dọ̀ ní. Ìgbìmọ̀ Island Trees dá ìwé padà nígbà tó ṣe, wọ́n kọ́kọ́ ní kí olùtọ́jú ilé-ìkàwé máa fi lẹ́tà tó òbí létí bí ọmọ bá yá ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n tó fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ìhà méjèèjì ṣì ń fa ìdájọ́ kan náà yọ láti bá ara wọn jà.

Ilẹ̀ tún ti mì sí i. Ní May 2025, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń bojú tó Texas, Louisiana àti Mississippi dá ẹjọ́ ilé-ìkàwé ìlú ní Llano County, níbí ní Texas. Ìwé 17 ni wọ́n yọ níbẹ̀. Àwọn kan sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà ìran tàbí nípa ọkùnrin tó ń di obìnrin, àwọn kan sì jẹ́ ìtàn ẹ̀fẹ̀ ọmọdé nípa ìsó. Ìsó gan-an ni mo wí. Adájọ́ mẹ́wàá sí méje ní ará ìlú ò lè torí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti gba ìmọ̀ fi dandan lé e pé kí ilé-ìkàwé dá ìwé padà, pé ẹni tí kò bá rí i níbẹ̀ lè rà á tàbí kó yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ní December ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ọ. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọ̀rọ̀ Brennan ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ẹ má fi ìyẹn pọ̀ mọ́ ẹjọ́ kejì tó jáde ní June 2025, torí gbogbo WhatsApp ló ń pò wọ́n pọ̀. Ní Montgomery County, Maryland, àwọn òbí Mùsùlùmí àti Kristẹni ní àwọn ò fẹ́ kí tíṣà máa ka ìwé ìtàn nípa ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré àwọn nínú kíláàsì. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní wọ́n jàre, mẹ́fà sí mẹ́ta, pé kí iléèwé máa sọ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n sì lè yọ ọmọ wọn kúrò níbẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé ìwé náà kúrò níwájú ọmọ ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ kan tún wà: ohun tí tíṣà ń kà sókè, ọmọ tó jókòó ò lè dí etí. Ìwé orí pẹpẹ kì í sọ̀rọ̀ títí ọmọ á fi dìde lọ ṣí i.

Lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, òfin ti wà tipẹ́. Ní 1965, ọmọ ọdún 16 kan ra ìwé àwòrán oníhòòhò méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bellmore, Long Island kan náà yẹn. Wọ́n mú ọlọ́jà náà, Sam Ginsberg. Ní 1968, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìjọba lè dá ohun tí àgbàlagbà lómìnira láti rà dúró lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwé ìhòòhò kún ilé-ìkàwé iléèwé torí pé òfin ò sí, ẹ má gbà á gbọ́. Òfin yẹn ò kú. Ìwé ìtàn tó ní ojú ewé méjì tó gbóná nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni ìjà wà lé lórí, òfin 1968 ò sì bá irú ìyẹn wí.

Ṣé kí wọ́n máa lẹ àmì ọjọ́ orí mọ́ ìwé bíi ti fíìmù ni? Àwọn ará New Zealand ti dán an wò. Ní 2013, ìwé ìtàn kan fún àwọn ọ̀dọ́ gba ẹ̀bùn ìwé ọmọdé tó gbayì jù níbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ ìjọba fi R14 dè é, pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 ò gbọ́dọ̀ gbà á. Ní 2015, wọ́n tú u sílẹ̀, ẹgbẹ́ Kristẹni kan fi ẹjọ́ sùn, alága ìgbìmọ̀ tó ń tún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀ wò sì tì í pa fún gbogbo ènìyàn: ẹni tó bá tà á, tàbí tó yá ẹlòmíràn, lè san owó ìtanràn tó tó dọ́là 3,000 ti ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ní October, wọ́n tún tú u pátápátá. Ìwé kan náà ni o, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò yí padà. Àwọn tó di asẹ́ mú ló ń pààrọ̀.

Èyí tó sún mọ́ àwa tá a máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jù ni ti Utah. Ìpínlẹ̀ náà ṣòfin ní 2022 pé kí wọ́n yọ ìwé ìṣekúṣe ní iléèwé. Òbí kan tí òfin náà bí nínú kọ̀wé pé ó dáa, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí Bíbélì. Ẹni tó bá ti ka Gẹ́nẹ́sísì orí 19 dé ìparí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹsẹ la fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sunday school. Ìgbìmọ̀ àgbègbè Davis kà á, wọ́n ní kò lòdì sí òfin, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ́ àti ìwà ipá wà níbẹ̀ tí kò yẹ fún àwọn kékeré, kí ó wà ní iléèwé girama àgbà nìkan. Ariwo ta. Ní June 2023, wọ́n dá a padà sí gbogbo iléèwé. Ìlànà kan náà, fọ́ọ̀mù kan náà tí wọ́n fi ń yọ ìwé yòókù ni wọ́n lò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Utah tún ṣòfin pé bí àgbègbè mẹ́ta péré bá yọ ìwé kan, nínú àgbègbè tó lé ní 40, kó di èèwọ̀ ní gbogbo iléèwé ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ní August 2024, ìwé 13 ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ wọn síta.

Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ń ba èmi náà. Ìwé aláwòrán kan wà tí mo ṣí ní ilé-ìkàwé wa, mo sì tún un pa dé kíá, mi ò ní gbé e fún ọmọ ọdún mọ́kànlá láéláé. Bí mo bá ní kí ọmọ mi má kà á, ẹ̀tọ́ mi ni, kí iléèwé sì bá mi tẹ̀ lé e. Kí n wá torí ọmọ tèmi pinnu fún ọmọ Lágbájá, kí àgbègbè mẹ́ta pinnu fún ogójì, ìyẹn ló lé. Bí ìwé kan bá tó yọ fún gbogbo ọmọ, kí àwọn tó kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin jókòó ní gbangba kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Àmì ọjọ́ orí? Ó dáa bí ìmọ̀ràn. Bó bá di àgádágodo, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mi yẹn ló máa jìyà rẹ̀.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí Amẹ́ríkà yí mi lórí, pé nílé kò sí irú wàhálà yìí. Òótọ́ ni, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ tó di asẹ́ mú nílé. Ní November 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, ní kí àjọ NERDC, tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ níléèwé, yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sí òbí tó kọ̀wé, kò sí ọmọ ọdún 17 tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ní ti ilé-ìkàwé, èyí tó wà níléèwé tí mo lọ ní kékeré jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, páálí ìwé tí àwọn òyìnbó fi ta wá lọ́rẹ wà nínú rẹ̀, ọdún mẹ́fà tí mo lò níbẹ̀ mi ò rí i kí wọ́n ṣí i. Ìwé tẹ́nikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn, ta ló fẹ́ jà lé e lórí?

Fún ẹ̀yin òbí tó wà ní Texas bíi tèmi, òfin SB 13 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2025. Ìgbìmọ̀ iléèwé ló ń fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n bá fẹ́ rà báyìí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ wọn síta fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó dìbò lé e. Ẹ lè wo ìwé tí ilé-ìkàwé iléèwé ọmọ yín ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì lè kọ orúkọ ìwé tí ẹ ò fẹ́ kí ọmọ yín yá, ọmọ yín nìkan lèyí sì máa dè. Bí àádọ́ta òbí, tàbí ìdá mẹ́wàá wọn níbi tí wọn ò pọ̀, bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, àgbègbè gbọ́dọ̀ yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn tí àwọn òbí wà nínú rẹ̀. Ẹ máa lọ síbẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń pọ̀ níbi ìkómọ, a kì í pọ̀ níbi ìpàdé iléèwé.

Mọ́mì Tólú, tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbé fọ́ọ̀mù náà wá bá mi lóṣù tó kọjá pé kí n bá àwọn kọ ọ́. Ìwé méje ni wọ́n ti to sórí bébà kan, wọ́n ní wọ́n rí i lórí Facebook ni. Mo ní, "Mà, èwo lẹ ti kà níbẹ̀?" Wọ́n ní àwọn ò tíì ka ìkankan, ṣé dìgbà tí èèyàn bá jẹ májèlé ni yóò tó mọ̀ pé ó ń pani? Mi ò bá wọn jiyàn. A wa ọkọ̀ lọ sí ilé-ìkàwé ìlú, méjì nínú méjèèje wà nílẹ̀, wọ́n yá wọn. Nígbà tí mo pè wọ́n lálẹ́ àná, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n pè wọ́n padà, pé ìyá ọmọbìnrin inú ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni, àwọn fẹ́ mọ ohun tó máa sọ. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i.